Makita, DeWalt, Milwaukee àbí Bosch? Ìfiwéra Irinṣẹ́ Oníbátìrì àti Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Rà Á

Ẹni tó bá fẹ́ ra dirílù oníbátìrì fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń béèrè pé èwo ló lágbára jù. Ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: bátìrì ta ni mo fẹ́ máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún? Bátìrì Makita kì í wọ DeWalt, ti DeWalt kì í wọ Milwaukee, owó bátìrì méjì àti ṣájà kan sì sábà máa ń ju owó ara ẹ̀rọ lọ. Bẹ́ ẹ bá ti ra bátìrì kan, ẹ ti wọ agboolé kan nìyẹn. Gíráńdà, ayùn, iná àti fáànù tẹ́ ẹ máa rà lẹ́yìn ọ̀la, inú agboolé yẹn náà lẹ ó ti mú wọn. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ti ọ̀dọ̀ bátìrì bẹ̀rẹ̀.

18V àti 20V, ọ̀kan náà ni wọ́n

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín jẹ. V ni fóltéèjì. Sẹ́ẹ̀lì lithium márùn-ún, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, ló tò tẹ̀ lé ara wọn nínú bátìrì 18V. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná kún, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bíi 4V, márààrún á jẹ́ 20V. Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọlẹ̀ sí nǹkan bíi 3.6V, ìyẹn 18V. DeWalt ń kọ 20V MAX sára èyí tó ń tà ní Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ 18V XR sára ti Yúróòpù. Bátìrì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni XGT tí Makita ń pè ní 40V max: sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ló tò tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, 36V sì ni lójú iṣẹ́.

Ah (ampere-hour, iye iná tí bátìrì lè gbà sínú) gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ẹ fi V ṣe ìlọ́po Ah, ẹ ó rí Wh (watt-hour), ìyẹn bí iná inú bátìrì ṣe pọ̀ tó. 18V tó jẹ́ 2.0Ah ní 36Wh, èyí tó jẹ́ 5.0Ah ní 90Wh. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé yóò pẹ́ nìkan. Ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà nínú bátìrì 2.0Ah, méjì ló wà nínú 5.0Ah tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì 18650 (orúkọ ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì) ṣe, ìlà méjèèjì sì jọ ń gbé ẹrù náà ni. Gíráńdà tàbí ayùn tó ń la pákó líle máa ń fa iná gan-an. Tẹ́ ẹ bá fi bátìrì 2.0Ah sí i, sẹ́ẹ̀lì márùn-ún yẹn nìkan ni wàhálà náà á já lé, wọ́n á gbóná, fóltéèjì á já wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì dá iṣẹ́ dúró láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti torí èyí dá gíráńdà tí kò ṣe nǹkan kan padà fún ẹni tó tà á. Ẹ fi 2.0Ah sí dirílù tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lókè àjà, torí ó fúyẹ́. Gíráńdà, ayùn àti hámà dirílù, kò yẹ kí wọ́n rí ohun tó dín sí 4.0Ah.

Àwọn bátìrì tuntun kan, irú bíi ProCORE18V ti Bosch àti High Output ti Milwaukee, sẹ́ẹ̀lì 21700 ló wà nínú wọn. Ó sanra ó sì gùn ju 18650 lọ, kì í sì í tètè gbóná lábẹ́ ẹrù. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti gígé lójoojúmọ́, owó tó fi wọ́n jù kò ṣòfò.

Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| Ilé iṣẹ́ | Bátìrì gbogbogbòò | Bátìrì iṣẹ́ ńlá | Ṣé wọ́n bára mu? |
|---|---|---|---|
| Makita | LXT 18V | XGT 40V max | Rárá |
| DeWalt | 20V MAX / 18V XR | FlexVolt 60V / 54V | FlexVolt ń wọ irinṣẹ́ 18V. 18V kì í wọ irinṣẹ́ FlexVolt |
| Milwaukee | M18 (M12 fún kékeré) | MX FUEL | Rárá |
| Bosch aláwọ̀ búlúù | Professional 18V | Irinṣẹ́ Biturbo ń lo bátìrì 18V kan náà | Bẹ́ẹ̀ ni |
| HiKOKI | 18V | Multi Volt 36V | Multi Volt ń wọ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ 18V |

Ọdún 2005 ni Makita gbé LXT jáde, ohun èlò tó ń lo bátìrì náà lónìí sì ti ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Tí irinṣẹ́ kan bá nílò agbára 36V, Makita máa ń fi bátìrì 18V méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ti ní LXT kò fi ní ra bátìrì míì. XGT ni kò bá wọn tan. Ohun èlò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ADP10, ó ń jẹ́ kí ṣájà XGT fún bátìrì LXT níná, ṣùgbọ́n kò lè mú kí LXT ṣiṣẹ́ lára irinṣẹ́ XGT. Ẹ tún wo àmì ìràwọ̀ lára bátìrì LXT àlòkù: irinṣẹ́ tuntun tó ní àmì náà kì í gba bátìrì àtijọ́ tí kò ní in.

Ọgbọ́n míì ni DeWalt dá. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú bátìrì FlexVolt. Tẹ́ ẹ bá tì í sínú irinṣẹ́ 18V, á pín sí ìlà mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá tì í sínú irinṣẹ́ 54V, gbogbo wọn á tò di ìlà kan. Ẹni tó ń fi ayùn ńlá ṣiṣẹ́ tó sì tún ní dirílù 18V ni èyí rọrùn fún jù. Ó wúwo lórí dirílù o. Ẹ ra 2.0Ah kan mọ́ ọn.

Ilé iṣẹ́ kan náà, TTI ti Hong Kong, ló ń ṣe Milwaukee àti irinṣẹ́ oníná Ryobi, àmọ́ bátìrì wọn kì í wọ ara wọn. Milwaukee dára fún oníná, púlọ́ńbà àti mẹkáníìkì, pàápàá torí M12, tí bátìrì rẹ̀ kéré débi pé inú ọwọ́ ìdìmú ló ń wọ̀, tí ẹ̀rọ náà fi ń gba ibi tóóró kọjá. Ó wọ́n. Ryobi wà fún iṣẹ́ ilé, oore tó sì ṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀: láti 1996 tí ONE+, agboolé bátìrì rẹ̀, ti jáde, kò yí ìrísí ẹnu bátìrì náà padà, bátìrì òde òní ṣì ń wọ ẹ̀rọ ìgbà yẹn.

Ti Bosch ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Búlúù ni ti oníṣẹ́ ọwọ́, ewéko ni ti iṣẹ́ ilé, 18V ni méjèèjì, wọn kì í sì í wọ ara wọn. Ẹ má fi búlúù ra ẹ̀rọ kẹ́ ẹ wá fi ewéko ra bátìrì. Agboolé búlúù ti gba àlejò: Fein àti Rothenberger wà nínú àjọṣe AMPShare, wọ́n sì ń pín bátìrì náà lò. Metabo náà ní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, CAS, tí Mafell wà nínú rẹ̀. Ti Hilti, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ ti máa ra Nuron 22V rẹ̀, ẹ má wá a kiri ọjà. Ingco àti Total ń ta 20V tí owó rẹ̀ rọjú púpọ̀. Wọ́n tó fún ẹni tí kì í lò ó lójoojúmọ́, bí ẹ bá ti rí i dájú pé wọ́n ń ta bátìrì nìkan nítòsí yín.

Ara ẹ̀rọ

Kábọ́ọ̀nù àbí brushless? Nínú ẹ̀rọ oníkábọ́ọ̀nù, kábọ́ọ̀nù méjì máa ń ha ara ámẹ́ṣọ̀ (apá tó ń yí nínú ẹ̀rọ), ó máa ń ta pàrà, ó sì máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣe dúró-ká-lọ tàbí tó ń ta iná púpọ̀, ẹ wo kábọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti jóná. Lára ọ̀pọ̀ Makita, ìdérí róbótó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì; ẹ fi súkúrúdíráfà ṣí wọn, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Brushless kò ní kábọ́ọ̀nù, kì í fi iná ṣòfò, iṣẹ́ tó ń ṣe lórí bátìrì kan sì máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tí pátákó iná inú rẹ̀ bá kú, owó rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kó ra brushless. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oníkábọ́ọ̀nù ò burú.

Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìyípo. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà, ti ohun líle àti ti ohun rírọ̀, èyí tó tóbi sì ni ìpolówó máa ń gbé jáde. Makita DHP484 ní 54Nm fún líle, 30Nm fún rírọ̀. DHP486 ní 130 àti 65. DeWalt DCD796 jẹ́ 70Nm, Milwaukee M18 FPD3 jẹ́ 158Nm. Ní Amẹ́ríkà, UWO, ìwọ̀n agbára míì, ni DeWalt máa ń kọ dípò Nm, torí náà ẹ má fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Nm tó pọ̀ kọ́ ló sì dáa fún gbogbo ènìyàn. Tí bíìtì bá há nígbà tí ẹ̀rọ 130Nm ń yí, ara ẹ̀rọ ni yóò yí, yóò sì lọ́ ọwọ́ tó dì í mú. Ìdìmú ẹ̀gbẹ́ tó bá a wá nínú páálí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ dè é mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ pé kọnkéré lẹ fẹ́ máa lu, tí ihò sì tó 10mm tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá mú dirílù tó ní àmì hámà. Ẹ ra hámà dirílù SDS-plus (irú ẹnu tí ẹ kàn máa ti bíìtì bọ̀), irú bíi DHR242 tí agbára ìlù rẹ̀ jẹ́ 2.0J. Bíìtì á pẹ́ lọ́wọ́ yín, apá yín náà á sì sinmi.

Kíkà orúkọ ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú, ara ẹ̀rọ lásán ló rà, láìsí bátìrì àti ṣájà. Lẹ́tà ìparí orúkọ máa ń sọ ọ́.

Makita: Z jẹ́ ara ẹ̀rọ nìkan, RTJ jẹ́ bátìrì 5.0Ah méjì pẹ̀lú àpótí. DeWalt: N ní Yúróòpù tàbí B ní Amẹ́ríkà jẹ́ ara nìkan; D2 jẹ́ 2.0Ah méjì, M2 jẹ́ 4.0Ah méjì, P2 jẹ́ 5.0Ah méjì. Milwaukee ní Yúróòpù: -0 jẹ́ ara nìkan, -502X jẹ́ 5.0Ah méjì nínú àpótí. Ní Amẹ́ríkà, -20 jẹ́ ara nìkan, -22 sì jẹ́ bátìrì méjì.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè rà á

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé iṣẹ́ fún láṣẹ ló dáa jù fún bátìrì, ká tiẹ̀ ní ẹ ti ra ara ẹ̀rọ níbòmíì. Orúkọ àwọn tó láṣẹ wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, torí gàráńtì tẹ́ ẹ gbà ní orílẹ̀-èdè kan lè má ṣiṣẹ́ ní òmíràn.

Lórí ìkànnì ọjà ńlá, ẹ wo orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an. Orúkọ ìkànnì kọ́ ni ẹ̀rí ojúlówó. Ayédèrú bátìrì Makita ló kún ìgboro jù, mímọ̀ rẹ̀ kò sì le. 6.0Ah ni LXT 18V tó tóbi jù tí Makita ń ṣe, torí náà gbogbo Makita 18V tí wọ́n kọ 9.0Ah sí, irọ́ ni. Ẹ gbé e lórí òṣùwọ̀n: BL1850B ojúlówó ju gíráàmù 600 lọ; ayédèrú tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pé máa ń fúyẹ́ gan-an. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 48VF tàbí 88VF sí lára ńkọ́? Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe fóltéèjì. 88V á nílò sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́rìnlélógún, àwọn nìkan á sì ju kílò kan lọ. Ẹ fọwọ́ gbé e wò.

Àlòkù kò burú tẹ́ ẹ bá lè dán an wò. Ẹ ti bíìtì gígùn tó tọ́ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó máa yí: tí orí bíìtì bá ń gbọ̀n yíká, ẹnu rẹ̀ tàbí bẹ́árìnì ti jẹ. Ẹ gbìyànjú gíà méjèèjì, kẹ́ ẹ sì gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lu pákó líle. Bí iná mẹ́rin tó wà lára bátìrì bá já sí ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀, tó sì tún gòkè nígbà tó sinmi, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti rẹ̀. Tí ṣájà Makita bá ń ṣẹ́jú pupa àti ewéko ní ìkọ̀ọ̀kan, bátìrì náà ti bàjẹ́, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun rà á láti òkè òkun, ohun méjì ni kó mójú tó. Àkọ́kọ́ ni ṣájà: ti Amẹ́ríkà, 120V ló ń gbà, tẹ́ ẹ bá tì í bọ 230V tààrà, ó jóná nìyẹn. Ẹ ka ohun tó wà níwájú INPUT lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra ṣájà 230V lọ́tọ̀ tó bá yẹ, torí bátìrì kan náà ló ń fún níná. Èkejì ni ọkọ̀ òfuurufú: bátìrì tí kò sí lára ẹ̀rọ, inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kẹ́ ẹ sì bo ẹnu irin rẹ̀. Èyí tí kò ju 100Wh lọ kò ní wàhálà, 5.0Ah sì bọ́ sí i. 6.0Ah jẹ́ 108Wh, ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. 12.0Ah ti Milwaukee jẹ́ 216Wh. Ó ti kọjá 160Wh, èrò ọkọ̀ kò lè gbé e rárá, inú ọkọ̀ ẹrù ni kẹ́ ẹ fi í sí.