Bàbá tó ń tún gíramafóònù ṣe ní Mushin: ẹ gbé tiyín lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo Decca àti EMI tí bàbá yín fi sílẹ̀, tí gíramafóònù tó yẹ kó máa kọ ọ́ ti dákẹ́ látọjọ́ yìí, ẹ má gbé e fún oní-tẹlifíṣọ̀n àdúgbò yín o. Bàbá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìdí-Òro ní Mushin, wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dénú.

Gíramafóònù Dual 1219 ni tèmi, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó kó tó di tòkunbọ̀ l'Ékòó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi wò ó, kò tiẹ̀ tú u, step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fólítéèjì kù, ló ní kí n rà, ó gbowó ẹ̀, ó ní ó ti parí. Ó ń yí lóòótọ́, àmọ́ gbogbo olórin ló ń kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn, ohùn obìnrin ti di ti ọkùnrin.

Bàbá gbé àwo kan lé e, wọn ò tíì mú screwdriver, wọ́n ní "Amẹ́ríkà lèyí ti wá." Wọ́n wá là á yé mi pé 60 hertz (iye ìgbà tí iná ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná wọn lọ́hùn-ún, tiwa 50, bí iná bá sì ṣe ń lù ni motor yẹn ṣe ń sáré, fólítéèjì nìkan ni step-down ń bá dín kù, kò lè fọwọ́ kan hertz. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò yí tó 28! Bọ́tìnnì pitch ara ẹ̀, tó ń mú un yára tàbí falẹ̀ díẹ̀, kò lè gbé e débẹ̀ láéláé. Púlì kékeré orí motor ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, ti 50 sanra ju ti 60 lọ, Bàbá sì yọ ọ̀kan lára Dual mìíràn tó ti kú sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Gírísì inú ẹ̀ ti gan pa, wọ́n fi spirit fọ gbogbo ẹ̀, wọ́n fi óílì máṣíìnì ìránṣọ sí motor, wọ́n fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra rọ́bà tó ń yí àwo. Apá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá gbéra kì í dé orí àwo tó fi ń padà, kí lẹ rò pó fà á? Rọ́bà kan bíntín lábẹ́ ẹ̀ tó ti jẹrà! Bàbá gé rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ sí i, ó ṣe rẹ́gí. Inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Abẹ́rẹ́, èmi ni mo ra AT-VM95E ti Audio-Technica, gíráàmù 2 ló yẹ kó tẹ̀ mọ́ àwo, síkéèlì àwọn oníwúrà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lẹ kọ́bọ̀ mọ́ ọn lórí kó má baà máa fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń họ àwo yẹn dànù ni. Àwo 78 àtijọ́, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má sì fi spirit nù ún, yóò jẹ ẹ́.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé wọn ò jẹ́ kí n gbé e lọ àfìgbà tá a gbọ́ ọ lórí jẹnẹ́, torí bí jẹnẹ́ kékeré bá ń fà, orin náà á máa fà, kò sẹ́ni tó lè tún ìyẹn ṣe nínú gíramafóònù, inverter tó dáa ló lè gbà yín. Ẹ má sì gbára lé àmì tóótòòtó tí wọ́n fi ń wo ìyára, tó máa ń wà létí àwo irin tó ń gbé àwo orin lára gíramafóònù mìíràn, tẹ́ ẹ bá wà lórí jẹnẹ́, iná kan náà ló ń tan gílóòbù tẹ́ ẹ fi ń wò ó, wọ́n á jọ máa ṣìnà pọ̀ ni, àmì yẹn á dúró digbí bí ẹni pé kò sí nǹkan. App orí fóònù la fi wọn ìyára ẹ̀, ẹ kàn gbé fóònù sórí ẹ̀ kó máa yí.

₦60,000 ni mo san, abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ màá tún san án. Àdéhùn ọjọ́ wọn ò ṣeé gbára lé rárá, wọn kì í kọ rìsíìtì, wọn ò sì fọwọ́ kan pákó, káfíńtà lẹ máa wá fún ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ de apá ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì yọ àwo irin yẹn lọ́tọ̀, ó tó kílò 3, tó bá lọ ń fò nínú Márúwá lójú ọ̀nà Mushin, á ba nǹkan mìíràn jẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá.