Pépà ògiri àfọwọ́tẹ̀ ní Àgbádárìgì: ẹ ra pépà, ẹ wá ẹlòmíràn lẹ̀ ẹ́

Ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Àgbádárìgì ń tẹ pépà ògiri bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láyé àtijọ́: pátákó gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ohun méjì ni wọ́n ń tà: pépà fúnra rẹ̀, àti lílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀tọ̀ ni ká yin ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì.

Iṣẹ́ wọn kò yà kúrò lójú ọ̀nà tí Zuber, ilé iṣẹ́ pépà ògiri, ń tọ̀ ní Rixheim, nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1797. Wọ́n á kun pépà ní àwọ̀ ìpìlẹ̀, á gbẹ, lẹ́yìn náà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní pátákó tirẹ̀. Acanthus, ọnà pépà ògiri tí William Morris, ayàwòrán ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní 1875, gba pátákó 30. Àwọn ti Àgbádárìgì kì í kọjá mẹ́rin, ó sì bọ́gbọ́n mu bẹ́ẹ̀. Pátákó wọn gùn ní 50 sẹ̀ǹtímítà, róòlù kan jẹ́ mítà 10. Ìgbà 20 ni wọ́n á tẹ àwọ̀ kan, ìgbà 80 fún àwọ̀ mẹ́rin, èyí àkọ́tẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju fínílì, pépà ògiri oníke inú ọjà, lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀, kó ní kí wọ́n dín àwọ̀ kù, kó má dúnàá dúrà lórí gbígbẹ.

Igi ọmọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pátákó wọn. Ó dára. Àmọ́ àwọn ọnà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ igi arère, arère sì rọ̀ jù: etí ọnà á wó, ìlà tínínrín á wá nípọn bí róòlù ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ béèrè irú igi tí wọ́n lò. Nínú gbogbo ọnà wọn, èyí tí wọ́n yọ látinú àdìrẹ Olókun ló dùn ún wò jù. Àwọn ọnà wọn tó jẹ́ òdòdó Òyìnbó ńláńlá máa ń mú kí yàrá kékeré há mọ́ èèyàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú mítà méjì nínú róòlù. Ẹ fi ìka ra etí àwọ̀: tí ó bá jẹ́ pátákó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé àwọ̀ náà ga díẹ̀ létí, torí bí wọ́n ṣe ń gbé pátákó kúrò ló ń fa ọ̀dà jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọ̀ kẹta. Nínú àwọn róòlù kan, ó yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ ní bíi mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Ìkánjú ló fà á: pépà tó tutù máa ń fẹ̀, tó bá sì gbẹ, á sún kì. Mìlímítà kan kò burú, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Tó bá ti pé mẹ́ta, ẹ dá a padà.

Wọ́n á bi yín bóyá ẹfun àti gọ́ọ̀mù awọ ẹran lẹ fẹ́ kí wọ́n fi po àwọ̀, àbí emulsion. Ti ẹfun ni ti àtijọ́, kì í dán rárá, ó sì lẹ́wà. Àmọ́ omi ń ṣí i, gọ́ọ̀mù awọ náà sì tètè ń bu níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù bíi ti Àgbádárìgì. Emulsion ni kí ẹ mú.

Lílẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn tí wọ́n rán wá kì í yẹ ògiri wò. Ilé tó sún mọ́ ọ̀sà sábà máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀, iyọ̀ inú yanrìn náà á sì máa hu funfun jáde. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ògiri, kí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dí, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Bí omi bá hàn nínú rẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò oṣù kan ó kéré tán, ìgbà òjò ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn kì í ṣírò róòlù dáadáa. Fún ògiri tó fẹ̀ ní mítà 3.6, tó ga ní mítà 2.7, róòlù méjì ni wọ́n máa ń pè, wọ́n á ní mítà 20 ti tó. Kò tó. Pépà fẹ̀ ní 52 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ọ̀já méje, ìyẹn ègé pépà gígùn láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, ni ògiri náà ń gbà. Kí ọnà lè pàdé ara wọn, mítà mẹ́ta ni ọ̀já kan máa jẹ. Ọ̀já mẹ́ta péré ló ń jáde nínú róòlù kan. Róòlù mẹ́ta ni, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà, torí àwọ̀ tí wọ́n pò lọ́jọ́ mìíràn kì í bára mu.

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Aláàdìrẹ náà ń lo ẹ̀gẹ́, àmọ́ fífọ̀ ló máa fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tó bá jókòó sára ògiri á bu. Ẹ ní kí wọ́n lo gọ́ọ̀mù pépà tí wọ́n ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kó bu sí. Kí wọ́n fi í pa ẹ̀yìn pépà, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po fún ìṣẹ́jú márùn-ún, iye kan náà fún gbogbo ọ̀já, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á fẹ̀ ju èkejì lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Róòlà tí wọ́n ń fi tẹ ojú ìpàdé mọ́lẹ̀ ló ń fi ìlà dídán sílẹ̀, ìlà yẹn kì í sì í lọ mọ́.

Pépà: 4 nínú 5. Lílẹ̀: 2 nínú 5. Wọ́n máa ń tọ́jú pátákó yín fún àtúntẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà pátákó àti bí wọ́n ṣe po àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sára rìsíìtì.