Àgbéyẹ̀wò SEBS, alárinà polypropylene àti polystyrene

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ike àtúnlò yóò ti mọ̀ pé yíyọ́ polypropylene àti polystyrene pọ̀ kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Èyí tó kéré nínú wọn yóò pín sí ẹ̀kán-ẹ̀kán nínú èkejì, ojú ààlà wọn kò ní lágbára, ibẹ̀ náà sì ni ike yóò ti là nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ni mo fi dán SEBS wò, block copolymer (èyí tí wọ́n so apá oríṣiríṣi pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n mólékù rẹ̀) tí wọ́n ń tà ní hóró tàbí ní ìyẹ̀fun.

Bí wọ́n ṣe to ẹ̀wọ̀n mólékù rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Polystyrene ni ìkángun méjèèjì, wọ́n sì ń wọ inú ẹ̀kán polystyrene. Ethylene àti butylene ni àárín, ó sì ń fara mọ́ polypropylene. Bó ṣe dúró sí ojú ààlà yìí, ó ń dín ìfà tó wà níbẹ̀ kù kí ẹ̀kán lè fọ́ wẹ́wẹ́, kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó ti fọ́ tún para pọ̀ di ńlá nígbà tí a bá tún ike náà yọ́.

Mo fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ike ìdánwò tó máa ń bó ní ìpele-ìpele tẹ́lẹ̀ wá ń tẹ̀, ó sì ń funfun níbi tó ti tẹ̀ kó tó já. Ìyàtọ̀ yìí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Ṣùgbọ́n rọ́bà ni SEBS, kò sì sí bí a ṣe lè fi kún un tí ike kò ní rọ̀ sí i. Bó bá ti bo ojú ààlà tán, àfikún yóò kàn ṣù jọ sínú ọ̀kan nínú àwọn ike méjèèjì láìwúlò, nítorí náà n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti náwó kọjá ohun tó nílò. Ẹ̀rọ extruder (tó ń yọ́ ike, tó sì ń pò ó) oní-síkúrù méjì ló pò ó dáadáa. Oní-síkúrù kan kò fún un láǹfààní tó láti dé ojú ààlà, pàápàá bí ẹ̀wọ̀n mólékù bá gùn. Mo yàn án ju SBS, rọ́bà tó jọ ọ́, lọ, torí pé nínú SEBS wọ́n ti fi hydrogen dí àwọn ìsopọ̀ oníméjì tí ooru àti afẹ́fẹ́ máa ń bàjẹ́ nínú SBS.

Ní ti polyethylene àti polypropylene, tí àwọn náà kì í wọra bí wọ́n tilẹ̀ jọra, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell àti Minnesota fi hàn ní 2017 pé ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún multiblock copolymer tí wọ́n fi àwọn ike méjèèjì yìí kọ́ lè mú kí àdàlù wọn má tètè já. Mo gbà pé ìyẹn ju tèmi lọ fíìfíì. Ẹni tí nylon bá wà nínú àdàlù rẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún SEBS tí wọ́n ti so kẹ́míkà maleic anhydride mọ́, nítorí òun ló lè so pọ̀ mọ́ amine tó wà ní ìkángun ẹ̀wọ̀n mólékù nylon. Irú èyí tí mo lò kò ní í lè ṣe é.