Logseq, ìdí-igi àti orí-ojorí: bí mo ṣe fi kọ ìwé ẹbí wa

Ìpàdé ẹbí wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ló gbé mi dé ìdí Logseq, áàpù tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Wọ́n ní kí n ṣe akọ̀wé, kí n kọ orúkọ gbogbo ọmọ bàbá wa àgbà sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ lo áàpù kan tí n kò ní dárúkọ. Ọjọ́ kan ni wọ́n kógbá sílé, gbogbo orúkọ tí mo ti kó jọ sì bá wọn lọ.

Ìdí nìyí tí Logseq fi wù mí. Ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì Markdown, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àmì díẹ̀, ló ń kọ sínú kọ̀ǹpútà mi. Bí Logseq kò bá sí lọ́la, Notepad, áàpù ìkọ̀wé kékeré inú Windows, á ṣí i.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì róbótó níwájú. Tẹ Tab, ìlà náà á di ọmọ èyí tó wà lókè rẹ̀. Tẹ Shift pẹ̀lú Tab, á padà sẹ́yìn. Mo kọ bàbá àgbà, mo kọ ìyàwó mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọmọ sábẹ́ ìyá wọn.

Ìgbà tí owó ilẹ̀ dé ni mo tó mọ ohun tí mo ní lọ́wọ́. Àwọn kan ní ìdí-igi ni ká fi pín in, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Àwọn ọmọ ìyàwó kẹta, tí wọ́n pọ̀ jù, ní orí-ojorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn, mo ká gbogbo ẹ̀ka pọ̀ títí ó fi ku ìyàwó mẹ́rin lójú: ìdí-igi nìyẹn. Mo tú u, orí mọ́kànlélógún ló jáde. Màmá àgbà kan bi mí bóyá àwọn ọmọ òun ti wọ inú àmì róbótó yẹn lọ ni. Àfi ìgbà tí mo tún tú u kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Kò parí ìjà o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún jiyàn lórí iye.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1968 ni Douglas Engelbart, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti fi àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà, tó ń ká pọ̀ tó ń tú lójú kọ̀ǹpútà, han àwọn èèyàn ní San Francisco. Ní 1983, Dave Winer ta ThinkTank, áàpù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àmọ́ ẹbí kì í ṣe igi gédégédé. Àǹtí wa jẹ́ ọmọ níbí, ó jẹ́ ìyàwó ní Ìkéré. Bí mo bá kọ ọ́ síbi méjì, tí mo tún ọ̀kan ṣe, èkejì á wà bẹ́ẹ̀. Logseq ní kí n fi àkámọ́ onígun méjì-méjì yí orúkọ rẹ̀ ká. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ibi méjèèjì ń lọ. Lójú tèmi, ìsopọ̀ yìí ló máa gbé irú áàpù báyìí dé ọ̀la, kì í ṣe kíká àti títú.

Ẹ ṣọ́ra fún àkọtọ́. Bí màmá ṣe pe Ilé Òkè ni mo kọ ọ́, “Ulé Òkè”. Lọ́jọ́ mìíràn mo kọ “Ilé Òkè”. Ojú ewé méjì ló di. Ẹ̀bi mi ni, ta ló sọ fún Logseq pé Èkìtì ń pe ilé ní ulé?

Àwọn tó ń ṣe Logseq ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà mìíràn tó ń kó ọ̀rọ̀ sínú database, ìyẹn àpótí dátà, dípò fáìlì Markdown. Èmi ṣì wà nídìí fáìlì. Mo ti kó o sórí fláàṣì méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórí ẹbí.