OpenLearn, Yale tàbí Coursera: ọ̀fẹ́ ta ló dénú?

Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ìlera, òṣèlú àti ìtàn ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ kò mọ èyí tí yóò mú. Ẹ ò ní sanwó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dátà yín àti àsìkò yín ń lọ, owó sì ni ìyẹn náà. Mi ò ní máa ka iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní tàbí bóyá wọ́n ní áàpù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn ti pariwo ìyẹn tó. Àwọn tí mo fẹ́ fi wéra ni OpenLearn, tí Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní 2006. Open Yale Courses, ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Àti Coursera pẹ̀lú edX, ìkànnì méjì tó ń gbé ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi yunifásítì jáde, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2012.

Ṣé ẹ lè gbé e lọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fi ṣáájú, mo sì ní ìdí. Ìkànnì kan wà, kò sí lára àwọn tí mo dárúkọ níbí, tó kọ "ọ̀fẹ́" gàdàgbà síwájú. Ẹ̀kọ́ lórí ìtàn ìlera ará ìlú ni mo ń kọ́ níbẹ̀. Mo ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo dé ìdajì, wọ́n ní àsìkò mi ti pé. Kì í ṣe ibi tó kù nìkan ni wọ́n tì o. Èyí tí mo ti kà pàápàá kò ṣí mọ́. Wọ́n ní kí n san owó oṣù kan. Káàdì náírà kò gbà á, mo wá káàdì dọ́là, báńkì yọ tiwọn lórí ṣíṣẹ́ owó, mo sanwó, mo parí ẹ̀kọ́, mo fagi lé e. Nígbà tí oṣù yí po, wọ́n tún yọ owó. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó ní òun dúpẹ́ fún sùúrù mi. Sùúrù wo?

Nítorí náà, kí n tó béèrè ẹni tó ń kọ́ni, mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀kọ́ náà ṣeé gbà sórí fóònù, kó sì dúró síbẹ̀.

OpenLearn yege níbí láìjanpata. Ẹ lè gba ẹ̀kọ́ lódindi bíi PDF, bíi Word tàbí bíi EPUB. Ìwé àṣẹ Creative Commons tí wọ́n fi sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbà yín láyè láti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì pín in fún ẹlòmíràn, bí ẹ bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín, tí ẹ ò sì tà á. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn kékeré kan lè lọ tẹ ẹyọ orí kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tí yóò mú un. Iná ìbá lọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ìbá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ìwé yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Yale náà yege. Kò béèrè orúkọ yín rárá. Ẹ lè gba ohùn olùkọ́ nìkan láìsí fídíò, èyí tó dín dátà kù gan-an, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wà ní kíkọ.

Coursera ńkọ́? Fídíò rẹ̀ ṣeé gbà sílẹ̀ nínú áàpù wọn. Ìdánwò tí wọ́n ń gba máàkì sí sábà máa ń wà fún ẹni tó sanwó. edX ní tirẹ̀ máa ń fún ẹni tó wá lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbèdéke. Tó bá ti kọjá, ó parí. Wọn ò fi pamọ́, ó wà ní kíkọ. Ẹ kàn rí i pé ẹ kà á.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni

Ká sòótọ́, kò sí èyí tó dà bíi Yale fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa gbọ́ àgbà olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ẹ̀kọ́ Frank Snowden lórí àjàkálẹ̀ àrùn láti 1600 gba inú ṣànpọ̀nná, onígbáméjì, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibà àti éèdì kọjá, ó sì ń fi hàn bí àrùn ṣe ń tún ìlú àti ìjọba ṣe. David Blight wà fún ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Ian Shapiro fún ìpìlẹ̀ èrò òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ pípẹ́ ni: 2010 ni wọ́n gba ti Snowden sílẹ̀, torí náà kò sí Kòrónà níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò bi yín ní ìbéèrè láti mọ̀ bóyá ó yé yín.

OpenLearn fì sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù fún mi. Ẹ ó gbọ́ nípa ilé ìwòsàn ìjọba wọn títí yóò fi sú yín. Èyí tó tì í lẹ́yìn ni HEAT, tó wà lórí OpenLearn Create: ìwé ẹ̀kọ́ 13 tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará Etiópíà fún òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko. Ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ, ìmọ́tótó àyíká, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, fún ibi tí dókítà ò sí nítòsí. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Òṣèlú Nàìjíríà gan-an ni ẹ fẹ́? Ẹ fi àwọn òyìnbó sílẹ̀, kí ẹ lọ gba ìwé ẹ̀kọ́ NOUN (National Open University of Nigeria) lórí ìkànnì wọn.

Sátífíkéètì

Yale kò fún ẹnikẹ́ni. OpenLearn ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ kópa, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Kò dúró fún dìgírì. Ti Coursera àti edX, owó ni.

Èwo wá ni?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó bá mu. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tó fẹ́ kí orúkọ yunifásítì ńlá hàn nínú ìwé rẹ̀, tó sì ní káàdì dọ́là tó ń ṣiṣẹ́, kó lọ sí Coursera, kó fi ọjọ́ tí yóò fagi lé e sórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, Yale ni kó máa gbọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dúró de dátà òru, kí ẹ gba ìwé HEAT lórí àrùn tó ń ràn sórí fóònù ná; PDF ni kí ẹ mú, ó máa ń ṣí lórí ọ̀pọ̀ fóònù.