Àwọn tó bá mi fọ eruku ọyẹ́ kúrò nílé

Ọyẹ́ ti lọ, àmọ́ eruku Sàhárà tó gbé wá kò bá a lọ. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mi ní Ṣómólú ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo bá pe àwọn kan tó ń bá èèyàn tọ́jú ilé: ọmọbìnrin méjì, 25,000 náírà fún yàrá méjì àti pálọ̀.

Agogo mẹ́jọ la jọ sọ, mọ́kànlá ni wọ́n dé. Wọ́n ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Láti Bàríga níbí!

Ká sòótọ́ ṣá, wọ́n mọṣẹ́. Wọ́n tú abẹ fáànù, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fún àkísà, omi tó jáde dúdú bí èlùbọ́ tí wọ́n pò. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni wọn ò dé. Màá tún pè wọ́n, àmọ́ màá ti gbé àga síwájú rẹ̀ dè wọ́n.