Bọ́tìnì HomeLink inú mọ́tò, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

HomeLink ni bọ́tìnì mẹ́ta tó máa ń wà lára jígí awakọ̀ tàbí lókè orí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì láì mú rìmóòtù lọ́wọ́. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, nítorí pé ara bátìrì mọ́tò ló ti ń fa iná, kò sì sí bátìrì kékeré tí yóò kú mọ́ni lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn fún mọ́tò tó ń dí rìmóòtù lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra jígí tó ní HomeLink nítorí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ mọ̀ kó tó náwó.

Bí rìmóòtù bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ dúró níwájú ilé, tó sì kọ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà fóònù kúrò nínú ihò ìtanná sìgá, ẹ yọ wáyà kámẹ́rà tó ń ya ojú ọ̀nà, kí ẹ sì tún rìmóòtù náà tẹ̀. Láti sọ iná 12 fóltì di 5 fóltì, ṣe ni ṣájà máa ń tan iná náà, tí á sì ń pa á, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọn kò bá ṣe dáadáa máa ń tú ariwo rédíò síta, ariwo náà sì lè bo ìgbì rédíò 315 tàbí 390 MHz tí ọ̀pọ̀ rìmóòtù gáréèjì Amẹ́ríkà ń lò mọ́lẹ̀. Nínú mọ́tò tèmi, ṣájà olówó pọ́ọ́kú ni ó fà á. Bí kọ́kọ́rọ́ alábọ́tìnì mọ́tò náà bá ń ṣe ségesège lásìkò kan náà, ohun tó ń ṣe Àbóyadé ni ó ń ṣe gbogbo ọlọ́ya, nítorí pé 315 MHz ni ọ̀pọ̀ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ń lò.

Ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lókè àjà gáréèjì ni ariwo yìí ń dí létí, nítorí náà bí mọ́tò bá ti sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó lè má gbọ́ ti HomeLink bí kò ṣe gbọ́ ti rìmóòtù. Àwọn gílóòbù LED kan tí wọ́n fi sára ẹ̀rọ náà gan-an máa ń fa irú rẹ̀. Ẹ yọ wọ́n wò.

Ní ti fífi sílò, bí ẹ̀rọ gáréèjì yín bá jẹ́ èyí tí kóòdù rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ rìmóòtù, ẹ ó tẹ bọ́tìnì “Learn” lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá láti lọ tẹ HomeLink nínú mọ́tò. Ó dára kí ẹnì kan wà lórí àkàbà, kí ẹnì kejì sì jókòó sí ìdí ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò náà, ẹ di bọ́tìnì méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú pọ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, kí gbogbo kóòdù lè pa rẹ́, kí ẹni tó rà á má baà lè ṣí ilẹ̀kùn ilé yín.